Revalidation àbí remobilisation? Bí ẹ ṣe máa padà sẹ́nu ìsìnrú ìlú láì kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì

Ìbéèrè kan náà ló máa ń kún fóònù mi nígbàkigbà tí NYSC, àjọ ìsìnrú ìlú, bá ṣí portal (ibi ìforúkọsílẹ̀ wọn lórí ayélujára) fún Batch tuntun, ìyẹn ọ̀wọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ pè: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pè mí rí, mi ò lọ. Ṣé kí n tún forúkọ sílẹ̀ ni?" Ẹlòmíì á ní, "Mo dé káńpù Ìsẹ́yìn, mo ṣe oṣù mẹ́rin, mo wá lọ. Báwo ni mo ṣe máa padà?" Lójú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ilẹ̀kùn ẹni àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, orúkọ tí wọ́n sì kọ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá pe orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ á pàdánù Batch kan, nígbà mìíràn odidi ọdún kan.

Mò ń ṣiṣẹ́ kàfé ní Ìbàdàn, iwájú mi sì ni ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè kà á kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí portal.

## Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí

1. Ṣé ìwé ìpè jáde fún yín rí, ìyẹn call-up letter tó ní orúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi yín sí?
2. Ṣé ẹ dé káńpù, tí wọ́n sì gba orúkọ yín sílẹ̀ níbẹ̀?
3. Ṣé ẹ kúrò kí ọdún ìsìn yín tó pé?

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ti ìkejì sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, revalidation ni tiyín. Bí ẹ bá dé káńpù tí ẹ wá pa iṣẹ́ tì lọ́nà, remobilisation ni. Bí ìwé ìpè kò bá tíì jáde fún yín rí, tó jẹ́ pé ẹ forúkọ sílẹ̀ lásán ni ètò náà ò sì parí, ẹ ò tíì "padà" síbì kankan. Ẹ wọ inú àkáǹtì tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀, kí ẹ parí ohun tó kù.

Ìyẹn nìkan ti tó fún ìlàjì àwọn tó ń pè mí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

## Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ra

Revalidation. Ìsọdọ̀tun ìpè ni mo máa ń pè é. Ìjọba ti pè yín, ẹ ò jẹ́ ìpè náà, ẹ wá ń sọ pé ẹ ti ṣe tán. Orúkọ yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò sá kúrò nídìí iṣẹ́, torí ẹ ò bẹ̀rẹ̀ rí. Èyí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó lóyún nígbà tí wọ́n pè wọ́n, àwọn tó bímọ tuntun, àwọn tó ṣàìsàn, àti àwọn tí ẹ̀rù ìlú tí wọ́n fi wọ́n sí bà.

Remobilisation. Ìpèpadà. Ẹ ti wọ káńpù, ẹ ti di àgùnbánirọ̀, ẹ wá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fáìlì yín wà ní ọ́fíìsì NYSC ìpínlẹ̀ tí ẹ ti kúrò, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú fáìlì náà tí kò dùn ún gbọ́: abscond. Ó túmọ̀ sí pé ẹ sá lọ. Kí wọ́n tó lè pè yín padà, ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn gbọ́dọ̀ mójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi lè parí èyí látorí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù.

Relocation tàbí redeployment. Ìyípadà ìpínlẹ̀ ni, fún ẹni tó wà nínú ìsìn. Kò kan ìpadàbọ̀.

Extension. Àfikún oṣù fún àgùnbánirọ̀ tó rú òfin, bí i ẹni tó ń pa iṣẹ́ jẹ. Ẹni tí wọ́n fún ní àfikún ṣì wà nínú ìsìn, kò jáde. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi oṣù kún oṣù fún, tó bínú, tó palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sílé. Àfikún tí ì bá ṣe parí ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ di remobilisation. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ṣì wà ní ipò àfikún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ parí rẹ̀.

Exemption. Ìwé ìyọ̀nda fún ẹni tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ sìn: ẹni tó ti lé ní 30 ọdún lọ́jọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá ju oṣù 9 lọ, àti àwọn díẹ̀ míì. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń gbà torí pé ó ti pẹ́ nílé. Màá padà sórí èyí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, òun sì lọ̀tá gbogbo wọn: "mo fẹ́ tún forúkọ sílẹ̀." Lórí portal, ẹni tuntun nìkan ló ń forúkọ sílẹ̀. Arábìnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ sùn sí i lẹ́yìn, ó ti fi ímeèlì tuntun bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tuntun lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó tún ní ìwé ìpè ti àtijọ́ nínú fáìlì olómi ewé kan, ó ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tó ká ti ń ya. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lo ti àtijọ́. Ó ní òun rò pé ó ti kú. Kò kú o! Ìwé yẹn ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Èyí tuntun ló jẹ́ wàhálà, torí orúkọ kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà, nọ́ńbà matric kan náà, ló ti fẹ́ wà níbi méjì.

## Ìgbésẹ̀ fún revalidation

1. Ẹ wá ímeèlì àtijọ́. Èyí tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Bí ẹ bá ti gbàgbé password portal, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń béèrè tuntun, ìsọfúnni á lọ sínú ímeèlì yẹn. Bó bá jẹ́ ímeèlì gan-an lẹ ò lè ṣí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ímeèlì, bí i Google, lẹ ti máa kọ́kọ́ gbà á padà, torí náà ẹ má sọ nọ́ńbà fóònù àtijọ́ nù. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ kó ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì NYSC ìpínlẹ̀ tó súnmọ́ yín.

2. Ẹ dúró dìgbà tí portal bá ṣí. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n máa ń pín ọdún sí, Batch A, B àti C, wọ́n sì tún máa ń pín Batch sí Stream. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ kì í gùn. portal.nysc.org.ng ni ẹ máa lọ. Ẹ fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

3. Ẹ wọlé sí àkáǹtì yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Revalidation". Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tuntun, ẹ ti ṣìnà, ẹ jáde.

4. Ẹ yẹ gbogbo nǹkan wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀kọ́ tí ẹ kà, ọjọ́ tí ẹ jáde. Ẹ gbé ìwé èsì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa fi ìka tọ̀ ọ́. Bí ẹ̀kọ́ tí ẹ kà bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ìwé, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

5. Ẹ jẹ́ kí ìka yín gan-an ni wọ́n tẹ̀, nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè fún ìka. Ẹ má rán àbúrò. Ìka kan náà ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀ ní káńpù, ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá bára mu ò ní wọlé.

6. Ẹ tẹ ìwé ìpè tuntun jáde. Ìwé àtijọ́ ò lè mú yín wọ káńpù, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ o. Ẹ wo ìpínlẹ̀ tó wà lórí tuntun, ẹ má rò pé ibi àtijọ́ ni wọ́n máa dá yín padà sí.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ: NYSC kì í gba aboyún àti ìyá ọlọ́mọ lọ́mú sí káńpù. Bí ẹ bá mọ̀ pé oyún ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ káńpù tó kò, ẹ má gbìyànjú láti fi gèlè bò ó. Ẹ jẹ́ kí ìpè yẹn kọjá, kí ẹ wá ṣe revalidation nígbà tí ara bá balẹ̀ tí ọmọ sì ti kúrò lẹ́nu ọmú. Ohun tí revalidation wà fún gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá lọ́kọ tí ẹ sì fẹ́ sìn ní ìlú tó ń gbé, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ẹ̀rí ìyípadà orúkọ, àti ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni ọkọ yín ń gbé. Ẹ máa nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Ìgbésẹ̀ fún remobilisation

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń takókó, torí àwọn èèyàn máa ń fojú kéré rẹ̀. Wọ́n á ní kò séwu, NYSC ti gbàgbé orúkọ àwọn. Fáìlì kì í gbàgbé.

1. Ẹ kọ ìtàn yín sílẹ̀ fún ara yín kí ẹ tó lọ. Batch àti Stream yín, ìpínlẹ̀, nọ́ńbà state code yín (èyí tí wọ́n fún yín ní káńpù), ibi tí wọ́n fi yín sí ṣiṣẹ́, oṣù tí ẹ kúrò, ìdí tí ẹ fi kúrò. Ẹni tó bá dé ọ́fíìsì tó ń sọ pé "bí i 2020 tàbí 2021 ni, mi ò rántí dáadáa" á lọ, á sì padà.

2. Ẹ kó ohun ìjọba tó wà lọ́wọ́ yín jọ. Káàkí, bàtà jungle, fìlà, káàdì ìdánimọ̀. Bí káàkí bá ti gbó, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fi tọrẹ fún ẹnì kan, ẹ sọ òótọ́.

3. Ẹ wo àkáǹtì bánkì yín. Bí àlàwíì, ìyẹn owó oṣooṣù àgùnbánirọ̀, bá ń wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò, ẹ tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ má sì ṣe ná ohun tó kù. Owó ìjọba ni, wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà. Ó sàn kí ẹ̀yin fẹnu ara yín sọ ọ́ ju kí àwọn rí i.

4. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì NYSC ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ti kúrò. Kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé báyìí. Bó bá jẹ́ Kwara lẹ ti kúrò, Ìlọrin ni. Bó bá jẹ́ Èkìtì, Adó ni. Ẹ lọ láàárọ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì. Ẹ sọ fún wọn pé remobilisation lẹ wá ṣe, kí ẹ sì fi lẹ́tà yín lélẹ̀.

5. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín padà pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́. Èyí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ìpínlẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ sí olú ilé iṣẹ́ ní Àbújá. Bí ìwé bá sọnù lọ́nà, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rí pé ẹ ti ṣe tiyín.

6. Ẹ béèrè ìbéèrè méjì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa tún sìn, àbí oṣù tí mo ti ṣe wà nílẹ̀? Ìgbà wo ni kí n máa wo portal? Ẹ má fọkàn sí i pé oṣù mẹ́rin tó ti kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ múra bí ẹni tó máa tún káńpù ọjọ́ 21 ṣe.

7. Nígbà tí portal bá ṣí, ẹ wọ àkáǹtì àtijọ́. Ìlànà kan náà pẹ̀lú ti òkè, àyàfi pé "Remobilization" ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá.

## Bí ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà náà

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá kí ọ̀rọ̀ má bàa fò. Ẹ wo èyí tí ẹnì kan gbé wá fún mi pé kí n bá òun tẹ̀:

> "Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i torí pé mi ò ráyè nígbà yẹn, àwọn nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀."

Kò sí ọjọ́, kò sí ìpínlẹ̀, "àwọn nǹkan kan" kì í sì í ṣe ìdí. A jókòó, a tún un kọ, ó sì dà báyìí:

> "Wọ́n pè mí ní Batch B, Stream I, ọdún 2021, sí ìpínlẹ̀ Kwara. Nọ́ńbà mi nìyí. Mo parí káńpù ní Yikpata, wọ́n sì fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Mo kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022 láì gba ìyọ̀nda, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ìwé ilé ìwòsàn wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Mo gba àlàwíì oṣù kan lẹ́yìn tí mo kúrò, mo sì ti ṣe tán láti dá a padà. Mo ń tọrọ remobilisation kí n lè parí ìsìn mi."

Ẹ rí i pé kò bẹ̀bẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó sọ ohun tó ṣe, ó sọ ìdí, ó fi ẹ̀rí tì í, ó wá pe ohun tó fẹ́ ní orúkọ rẹ̀. "Láì gba ìyọ̀nda" le lẹ́nu, mo mọ̀. Òun náà kọ́kọ́ fẹ́ yọ ọ́. Àmọ́ ohun tó wà nínú fáìlì wọn nìyẹn, ẹni tó bá gbà á fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n máa wádìí bóyá ó ń purọ́.

Bí ìdí yín bá jẹ́ iṣẹ́ tó yọjú, ẹ sọ pé iṣẹ́ ni. Ẹ má ra ìwé ilé ìwòsàn.

## "Mo ti lé ní 30 báyìí. Ṣé kí n kàn gba exemption?"

Rárá, bí ẹ kò bá tíì pé 30 lọ́jọ́ tí ẹ jáde. Ọjọ́ tí ẹ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rántí. Ẹni tí wọ́n bí ní 1991 tó jáde ní 2017, ẹni ọdún 26 ni lọ́dún yẹn. Bó bá dúró títí di 35, ó ṣì jẹ ìlú ní ìsìn. Ìjọba kì í sọ ẹni tó gba ìwé ìpè di ẹni tí a yọ̀nda torí pé ó dàgbà.

Ibí yìí ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n á ní àwọn mọ ẹnì kan ní Àbújá tó lè ṣe ìwé ìyọ̀nda. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, mínísítà ètò ìnáwó orílẹ̀-èdè yìí kúrò nípò lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìyọ̀nda tí kì í ṣe ojúlówó. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá lè gbé mínísítà kúrò lórí àga, kí ni yóò ṣe fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ tíṣà? Òfin NYSC náà sọ pé ẹni tó kọ̀ láti sìn lè san owó ìtanràn ₦2,000, tàbí kó lo oṣù 12 lẹ́wọ̀n, tàbí méjèèjì. Ó tún sọ pé kí agbanisíṣẹ́ béèrè sàtífíkéètì náà kó tó gbà yín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dun àwọn èèyàn jù, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé wọn ga níbi iṣẹ́.

## Bí ẹ bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí portal tó ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìwé ìpè jáde. Káńpù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò ṣeé ṣe láti ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn káńpù, ilé iṣẹ́ lè kọ̀wé béèrè fún yín gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ bó bá wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi yín sí, NYSC ló sì máa pinnu. Ẹ má ṣèlérí fún ọ̀gá pé ó dájú.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Ṣíṣí àkáǹtì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ wà. Mo ti sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́.
- Lílọ sí ọ́fíìsì Èkó torí pé Èkó lẹ ń gbé, nígbà tó jẹ́ Bénúé lẹ ti kúrò.
- Kíkọ "revalidation" sórí lẹ́tà nígbà tí ẹ ti wọ káàkí rí.
- Sísan owó sínú àkáǹtì èèyàn. Ohun tí ẹ bá máa san, orí portal lẹ ti máa san án.
- Dídúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ni portal máa ń rìn bí ìgbín.

## Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì yín lọ́jọ́ káńpù

- Ìwé ìpè tuntun àti green card (ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ tẹ̀ jáde látorí portal), ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta
- Ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́, ojúlówó, àti káàdì ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́
- Ìwé ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ológun, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀
- Ìwé àṣẹ iṣẹ́, fún ẹ̀yin dókítà, apòògùn àti nọ́ọ̀sì
- Ìwé ìpè àtijọ́
- Ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, fún ẹ̀yin remobilisation

Arábìnrin ọlọ́mọ yẹn rí ímeèlì àtijọ́ gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ ló fi ṣí i. Ẹ bi ìyá yín léèrè kí ẹ tó sọ pé nọ́ńbà yẹn ti sọnù.